Ẹpa, Rọ́bọ́ọ̀tì àti Ọgbọ́n Ìdúró

Kí ayé tó gbọ́ orúkọ rọ́bọ́ọ̀tì ni àwọn agbẹ́gilére agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ ní Kwara ti ń gbẹ́ àwòrán ènìyàn tí yóò jáde sí gbangba, tí yóò rìn, tí yóò sì fò lójú agbo. Ẹpa ni à ń wí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà ni Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè ti Odò-Ọ̀wá, tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1885, tí ó sì kú ní 1975.

Igi kan ṣoṣo ni a fi ń gbẹ́ Ẹpa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni à ń pè ní ìkòkò, tí a gbẹ́ nínú kí orí lè wọ̀ ọ́. Ojú wà lára ìkòkò náà, ẹnu ojú yìí ni eléré sì ń gbà ríran. Lórí ìkòkò ni jagunjagun elẹ́ṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ dúró sí. Àwọn kan nínú èyí tí Bámigbóyè gbẹ́ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, wọ́n sì wúwo tó kìló 36. Síbẹ̀ eléré ní láti gbé e fò gun òkìtì amọ̀. Bí ó bá ṣubú, ìtìjú tirẹ̀ nìkan kọ́. Àmì ibi ni fún ìlú.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Agbẹ́gilére lè fún igi ní ojú, imú àti ìlà. Kò lè fún un ní ọgbọ́n ìdúró. Ọrùn àti ẹsẹ̀ eléré ni ọgbọ́n náà ń gbé. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò ní eléré tí yóò wọ abẹ́ ère tiwọn.

Inú eré onítàn Karel Čapek, ọmọ Czech, ni a ti kọ́kọ́ rí orúkọ rọ́bọ́ọ̀tì ní 1920, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe. Bí ó bá ṣe Yorùbá ni, bóyá ìwọ̀fà ni à bá máa pè é. Yunifásítì Waseda ní Japan ṣe WABOT-1 ní 1973. Ní 1986, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí Honda ṣe ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kan, nítorí pé ó ní láti kó gbogbo ìwúwo rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kan ná. Ènìyàn kì í rìn báyẹn. Ẹni tí ń rìn ń ṣubú síwájú díẹ̀díẹ̀ ni, ẹsẹ̀ kejì ni ó ń gbà á. Ìgbà tí ẹ̀rọ kọ́ ìṣubú yìí ni ó tó mọ ìrìn. ASIMO jáde ní 2000. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2011, tí ó wọn kìló 48, ń sáré kìlómítà 9 ní wákàtí kan. Ní 2017, Atlas ti ilé-iṣẹ́ Boston Dynamics ní Amẹ́ríkà ta òkìtì sẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀.

Ní 2022 ni Honda fi ASIMO tì. Ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Uniccon fi Omeife, rọ́bọ́ọ̀tì tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ó sì ń sọ Yorùbá mọ́ èdè mìíràn, han ará Àbújá. Ọdún náà kan náà ni Yunifásítì Yale ṣí àfihàn iṣẹ́ Bámigbóyè. Àwọn Ẹpa náà dúró nínú gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni kò sì sí lábẹ́ wọn.