Ọ̀fìnkìn Ẹyẹ: Àìsàn Adìyẹ Tó Lè Ran Ènìyàn

Ọ̀fìnkìn ẹyẹ jẹ́ àìsàn tí kòkòrò àìfojúrí kan ń fà sára adìyẹ, tòlótòló, pẹ́pẹ́yẹ àti àwọn ẹyẹ inú igbó. Ẹ̀yà rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní H5N1 ni ó le jù. Ó lè pa adìyẹ inú ọgbà kan run láàrin ọjọ́ díẹ̀. Kì í sábà ran ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ràn án, ẹ̀dọ̀fóró ni ó máa ń bá jà. Láti ọdún 2003, àwọn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà pé ó ràn ti ju 900 lọ, nǹkan bí ìdajì wọn ni ó sì kú.

Oṣù Èrèlé ọdún 2006 ni a kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, nínú ọgbà adìyẹ ńlá kan ní Jájì, Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Lẹ́yìn tí ó rọlẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ó tún yọjú ní ọdún 2015.

Inú ìgbẹ́, ikun imú, ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ adìyẹ tó ń ṣàìsàn ni kòkòrò náà máa ń wà. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó pa adìyẹ, tó tu ìyẹ́ rẹ̀, tó sì kó ìfun rẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù. Ibí yìí ni ó ti kan ilé wa ní Ìlọrin gan-an. Bí adìyẹ bá ń ta gìrì, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ni pé kí a tètè fi ọ̀bẹ kan án lọ́rùn, kí ó má baà di òkúǹbete. Ó yé wa pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹran ṣòfò. Ṣùgbọ́n adìyẹ tí àìsàn ti dá wó kì í ṣe ohun tó yẹ kí a dúńbú, kí a tà, tàbí kí a fi tọrẹ. Ẹran adìyẹ tó dá ṣáká tí a sè jinná dénú eegun kò léwu. Ooru ń pa kòkòrò náà. Òtútù kì í pa á, nítorí náà fíríìjì kò sọ ẹran aláìsàn di ohun jíjẹ.

Àmì rẹ̀ lára adìyẹ ni ikú òjijì, ogbe orí tó wú tó sì dúdú, àmì ẹ̀jẹ̀ lójúgun, orí wíwú, àti ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀. Ó jọ lúkúlúkú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò ni ó lè fìyàtọ̀ hàn, bíi èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau.

Àwọn ọlọ́sìn máa ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ, wọn yóò pa gbogbo adìyẹ àwọn. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Ní ọdún 2006, ₦250 ni ìjọba kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún adìyẹ kan, ọ̀pọ̀ sì ráhùn pé kò tó. Síbẹ̀, ẹni tó sáré kó adìyẹ rẹ̀ lọ tà ní Ìpàta tàbí Ọjà Ọba ti gbé àìsàn náà dé ọgbà ẹlòmíràn.

Bí adìyẹ bá ń kú lójijì, ẹ má ṣe fọwọ́ lásán kàn án, ẹ má sì sọ òkú rẹ̀ sínú odò Asà tàbí sórí ààtàn. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, ẹ má jẹ́ kí adìyẹ kankan jáde, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ẹni tó ti fara kan irú adìyẹ bẹ́ẹ̀, tí ibà, ikọ́ tàbí èémí líle bá mú láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì dárúkọ adìyẹ náà fún dókítà kí wọ́n tó bi í. Oògùn tó ń bá kòkòrò yìí jà máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá lò ó láàrin ọjọ́ méjì tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ NCDC ni 6232.