Partition tó sọnù lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà: bí ẹ ṣe lè gbà á padà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ń ya fọ́tò fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ohun tí Windows kọ síbẹ̀ ni "You need to format the disk before you can use it." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n tẹ Format disk yìí?" Mi ò dúró kọ èsì, mo pè é: "Má tẹ nǹkan kan o! Tẹ Cancel, kó o yọ wáyà ẹ̀." Fọ́tò ìgbéyàwó mẹ́ta ló wà lórí hard disk yẹn, kò sì tíì fún ìyàwó kankan ní tiẹ̀.

Ojú tèmi náà ti rí i rí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo mú flash lọ sí business centre kan láti tẹ ìwé jáde. Mo délé, mo ki flash náà bọ laptop mi. Lọ́jọ́ kejì, drive D mi ti pòórá. Gbogbo ohùn àwọn tí mo ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò láti ọdún mẹ́fà ló wà níbẹ̀, títí kan ti bàbá àgbàlagbà kan tó ti di olóògbé. Àwọn ọmọ bàbá náà ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi ohùn náà ránṣẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ ọ níbi ìrántí ọdún kan. Èmi ni mò ń sọ pé "ó ń bọ̀, ó ń bọ̀". Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé laptop náà fún ní ká kọ́kọ́ format ẹ̀, pé lẹ́yìn náà lòun á wá bá mi wá fáìlì inú ẹ̀. Mo gbé ẹrù mi, mo kúrò níbẹ̀.

Ìwé sáfè ló jóná, ilẹ̀ ò lọ síbì kankan

Ẹ wo hard disk bí ilẹ̀ gbọọrọ kan tí wọ́n pín sí pulọ́ọ̀tì. Pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni partition: Windows ń pe ọ̀kan ní C, ó ń pe òmíràn ní D. Ìwé kékeré kan wà níbẹ̀rẹ̀ dísìkì náà tó ń sọ ibi tí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe gùn tó. Ìwé yẹn ni partition table.

Lórí dísìkì tó ń lo ètò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní MBR, inú sector àkọ́kọ́ pátápátá ni gbogbo ẹ̀ wà, báìtì 512 lásán. Nínú 512 yìí, 446 jẹ́ ti kóòdù tó ń gbé kọ̀ǹpútà dìde, 64 jẹ́ ti partition table, 2 tó kù jẹ́ àmì tó ń fi hàn pé ìwé náà pé. Báìtì 64! Dísìkì tó gba 1TB, báìtì 64 péré ló ń sọ bí wọ́n ṣe pín in. Fáírọ́ọ̀sì tó bá pa wọ́n rẹ́ ti sọ gbogbo drive yín di àwátì, bẹ́ẹ̀ fáìlì kankan ò tíì kúrò níbi tó wà.

Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun ń lo GPT. Tiwọn sàn díẹ̀, torí pé GPT ń fi ẹ̀dà kejì ìwé náà pamọ́ sí òpin dísìkì. Bí ti iwájú bá bàjẹ́, ti ẹ̀yìn lè ṣì wà.

Windows tó ń sọ pé kí ẹ format, ọmọ onílẹ̀ ni. Kò rí ìwé yín, ló bá fẹ́ ta ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ti ṣe irú ẹ̀ rí

Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ni CIH, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Taiwan tó ń jẹ́ Chen Ing-hau kọ ní 1998. Ó máa ń fara pamọ́ sínú ètò orí Windows 95 àti 98, kò ní dún, kò ní fọhùn. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1999, ó jí. Ọjọ́ yẹn náà ni ilé iṣẹ́ iná ní Chernobyl bú gbàù ní 1986, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní fáírọ́ọ̀sì Chernobyl. Ohun tó ṣe ni pé ó fi òdo kún mẹ́gábáìtì àkọ́kọ́ lórí dísìkì. Partition table lọ, ibi tí drive C ti bẹ̀rẹ̀ náà lọ. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, ó tún ba BIOS jẹ́, débi pé kọ̀ǹpútà náà ò lè tàn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ètò FAT32 tí ọ̀pọ̀ dísìkì ń lò nígbà yẹn máa ń kọ àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì wà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀dà kejì sì sábà máa ń wà níwájú díẹ̀ sí ibi tí CIH pa rẹ́. Steve Gibson, ará Amẹ́ríkà kan, rí èyí, ó sì kọ FIX-CIH, ètò ọ̀fẹ́ tó ń lo ẹ̀dà kejì yẹn láti tún dísìkì tò. Ohun tí àwọn irinṣẹ́ òde òní ń ṣe ò jìnnà sí i.

Petya tó jáde ní 2016 yàtọ̀. Òun kì í pa partition table rẹ́ lásán, ó máa ń ti Master File Table pa, ìyẹn ìwé tí NTFS fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. NotPetya tó bẹ̀rẹ̀ ní Ukraine ní oṣù Kẹfà 2017 tiẹ̀ burú jù, torí pé ẹni tó sanwó náà ò rí nǹkan gbà. Bó bá jẹ́ pé fáìlì yín ti yí orúkọ padà, tí ìwé kan sì wà níbẹ̀ tó ń béèrè owó, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ lọ wo ojú òpó No More Ransom, tí Europol àti ọlọ́pàá ilẹ̀ Netherlands wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, bóyá kọ́kọ́rọ́ tiyín wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Fáírọ́ọ̀sì shortcut ni. Folder yín di shortcut, flash dà bíi pé ó ṣófo. Ẹ wo iye àyè tó kù lórí flash náà. Bó bá ṣì ń sọ pé àyè ti kún, partition yín kò sọnù, wọ́n kàn fi fáìlì pamọ́ ni. Ẹ má tẹ shortcut yẹn. Ẹ ṣí Command Prompt, bí flash bá jẹ́ E, ẹ kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* kẹ́ ẹ tẹ Enter. Ó máa ń yọjú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é

Ẹ má ṣe lo dísìkì náà mọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ sórí ẹ̀ lè gun orí fáìlì yín. Ẹ má install nǹkan kan sórí ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo chkdsk fún un báyìí. Chkdsk ń tún ètò ṣe ni, kì í gba fáìlì là, ó sì lè gé ohun tí ò yé e dànù.

Yọ dísìkì náà, kí ẹ fi wáyà SATA sí USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì tó mọ́. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ fi Linux tó wà lórí flash gbé kọ̀ǹpútà náà dìde. SystemRescue ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni, irinṣẹ́ tá a nílò wà nínú ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì Windows kò ní jí níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ Windows lẹ ní, ẹ ṣí Disk Management. Bí àyè náà bá dúdú tó sì kọ Unallocated, ìwé sáfè ló lọ. Bó bá kọ RAW, ìwé wà ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà pulọ́ọ̀tì náà ti bàjẹ́. Bí dísìkì náà ò bá yọjú rárá, tàbí tó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀, ẹ pa á. Irin ló bàjẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa irin ni.

Ẹ̀dà lákọ̀ọ́kọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ẹ wá dísìkì míì tó tóbi jù ú lọ, kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀, báìtì sí báìtì, pẹ̀lú ddrescue. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni:

sudo ddrescue -d /dev/sdb eda.img eda.map

Ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn sd dáadáa. Bẹ́ ẹ bá gbé orísun sí ibi tó yẹ kí ẹ̀dà wà, ẹ ti fọwọ́ ara yín parí ohun tí fáírọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀. Lórí USB 2, 1TB lè gba wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò: NEPA ńkọ́? Fáìlì eda.map yẹn ló ń rántí ibi tó dé. Bí iná bá lọ, tó sì padà dé, ẹ tún kọ ọ̀rọ̀ kan náà, á tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Iná tèmi lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

TestDisk

Irinṣẹ́ náà gan-an ni TestDisk, iṣẹ́ ọwọ́ Christophe Grenier, ará Faransé. Ọ̀fẹ́ ni. Kò lẹ́wà lójú, ọ̀rọ̀ funfun lórí dúdú, bọ́tìnnì lẹ máa fi rìn nínú ẹ̀, kò sí mouse. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Ẹ yan Create, kẹ́ ẹ yan dísìkì náà. Bí ó ṣe tóbi tó lẹ máa fi dá a mọ̀. Á sọ irú ètò tó rò pé ó jẹ́: Intel túmọ̀ sí MBR, EFI GPT ni ti tuntun. Ó sábà máa ń gbà á. Lẹ́yìn náà, Analyse, kẹ́ ẹ tẹ Quick Search. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń rìn lórí ilẹ̀ náà fúnra ẹ̀, ó ń wá òpó tí wọ́n rì mọ́ igun pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Bó bá ti rí nǹkan, ẹ gbé àmì sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ P. P yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá rí orúkọ folder yín, ẹ ti dé ilé. Lórí tèmi, ó kọ́kọ́ mú partition kan tó jẹ́ ti ìgbà tí ẹni tó ni laptop náà ṣáájú mi ń lò ó. Mo tẹ P, ó ní "Can't open filesystem. Filesystem seems damaged." Àyà mi já. Mo tẹ Deeper Search, mo lọ sùn. Nígbà tí mo jí, partition mẹ́ta ló wà níbẹ̀, méjì gun orí ara wọn. Mo tẹ P lórí ìkẹta: folder "Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò" wà níbẹ̀ gbáà.

Ẹ má tíì tẹ Write. Níbi tí orúkọ fáìlì ti hàn yẹn, ẹ tẹ a láti yan gbogbo wọn, kẹ́ ẹ tẹ C ńlá láti kó wọn lọ sórí dísìkì míì. Nígbà tí fáìlì bá ti wà lọ́wọ́ yín lẹ lè padà, kẹ́ ẹ fi P tàbí L sí iwájú èyí tó jẹ́ òótọ́, D sí iwájú èyí tó jẹ́ ti àtijọ́, kẹ́ ẹ tẹ Write, kẹ́ ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn.

Fún RAW, ẹ lọ sí Advanced, ẹ yan Boot. NTFS ní ẹ̀dà boot sector rẹ̀ ní òpin partition, FAT32 ní tiẹ̀ ní sector 6. Bí TestDisk bá sọ pé ti àkọ́kọ́ Bad, pé ẹ̀dà OK, ẹ tẹ Backup BS.

Bí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, PhotoRec wà, ìkejì TestDisk. Kì í wo partition rárá, ó ń wá ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan ni. Fọ́tò JPEG, bí àpẹẹrẹ, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FF D8 FF. Á gbà wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní mọ orúkọ wọn. Ẹ máa rí f0283744.jpg àti ẹgbẹ̀rún irú ẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó máa tò wọ́n.

Lórí SSD, bí ẹnìkan bá ti format ẹ̀ lórí Windows, ó ṣeé ṣe kí TRIM ti nu gbogbo ẹ̀, ìrètí kéré. Bó bá sì jẹ́ BitLocker ló wà lórí ẹ̀, ẹ máa nílò nọ́ńbà 48 tó sábà máa ń wà nínú Microsoft account yín.

Fáìlì .exe kankan kò bá mi padà sórí laptop mi. Mo fọ dísìkì náà, mo tún Windows gbé sí i, mo sì yí gbogbo password mi padà.

Ohùn bàbá yẹn pé, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àbúrò tó ń ya fọ́tò ṣì wà lórí ddrescue bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní ó ti dé ìdá mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, iná ò sì tíì lọ.