Owó Údójì: Ohun Tó Bá Ojú, Ó Bá Imú

Bí ẹnìkan bá ṣàdédé lówó lọ́wọ́ ní Agége, àgbàlagbà kan lè bi í pé: "Ṣé wọ́n san Údójì fún ọ ni?" Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni. Èmi pàápàá kò tí ì dáyé nígbà tí owó náà jáde. Ẹnu bàbá mi, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ni mo ti gbọ́ ọ. Gbólóhùn wọn kì í yí padà: "Ìjọba ṣèlérí fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀, àwa la san án lọ́jà."

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ìkẹjà ni ẹ̀rọ wà. Agége àti Muṣin ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ń sùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó jọ ń gbé inú ilé kan náà, yàrá kọjú sí yàrá. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan náà ni wọ́n ti ń ra gààrí.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ọjà gbówó lórí. Ní 1970, ìjọba Ọ̀gágun Gowon gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún òṣìṣẹ́ kékeré ní owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Inú aráyé dùn. Àfi bí ìjọba ṣe tún sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ti fi kún owó òṣìṣẹ́ láti 1964, kò pọn dandan kó san án. Háà! Ẹ̀kúnwó tí òṣìṣẹ́ ti ná tán tipẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi dí i lẹ́nu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971, Ìkẹjà gbóná. Ilé-iṣẹ́ kan daṣẹ́ sílẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ìjọba fúnra rẹ̀ fi kó gbólóhùn náà jẹ.

Ẹnu ò tí ì kúrò lórí ìyẹn tí ti Údójì fi dé. Olóyè Jerome Udoji ni alága ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn ní 1972 láti yẹ iṣẹ́ ìjọba wò. Ní December 1974, ìjọba kéde pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù yóò máa gba ₦720 lọ́dún, ìyẹn ₦60 lóṣù. Wọ́n tún ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ láti April ọdún náà, ni áríásì bá já lu àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975.

Bàbá mi ní aládùúgbò wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba gbé rédíò tuntun wálé. Kò pé oṣù kan, onílé fi kún owó gbogbo yàrá. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó gba Údójì tàbí kò gbà á. Ohun tó bá ojú, ó bá imú. Òṣìṣẹ́ aládàáni tún yan iṣẹ́ lódì, kí tiwọn náà lè lé sí i.

Wọ́n di ẹ̀bi ru àwọn obìnrin ọjà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwọn nìkan kọ́. Owó epo rọ̀bì ti ń ya wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sójú òkun Èkó ní 1975, tí púpọ̀ wọn kó símẹ́ǹtì, tí wọn kò ríbi já ẹrù. Owó pọ̀, ọjà ṣọ̀wọ́n. Lọ́dún yẹn, ohun tí à ń rà ní ₦3 di nǹkan bí ₦4. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Látìgbà náà, ìlérí kò dáwọ́ dúró. Ìyanṣẹ́lódì ọdún 1981 ló bí ₦125 lóṣù. Nígbà tí wọ́n buwọ́ lu òfin ₦70,000 ní July 2024, mo sáré lọ sọ fún bàbá mi. Wọn ò bi mí pé ta ni yóò gbà á.

"Èló ni kóńgò gààrí báyìí?" ni wọ́n wí.