Ìgbà Tí British Museum Bẹ̀rẹ̀ sí í Bá Àlejò Sọ̀rọ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1784, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Hutton ti Birmingham wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó sì ń wù ú láti rí jù ni British Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Ọ̀fẹ́ ni àtiwọ ibẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1759 tí wọ́n ti ṣí i. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì máa retí. Hutton ò ráyè dúró, ló bá fi nǹkan bíi ṣílè méjì gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ti ní in.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kó òun àti àwọn àlejò mìíràn wọlé, wọ́n tó bí ènìyàn mẹ́wàá. Hutton béèrè ohun tí àwọn nǹkan tó ń wò jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kanra mọ́ ọn: ṣé gbogbo ohun tó wà nínú ilé ló fẹ́ kí òun máa ka fún un ni? Ṣebí wọ́n kọ orúkọ sára púpọ̀ nínú wọn. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún gbójú sọ̀rọ̀ sókè. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ti sáré la gbogbo yàrá kọjá, wọ́n ti bọ́ síta. Nínú ìwé tó kọ nípa ìrìn àjò náà, Hutton ò fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pa mọ́. Mo ń bá a kẹ́dùn títí dòní. Ó ti rí ohun gbogbo, kò mọ ìtàn ọ̀kan nínú wọn.

Ní 1810, wọ́n fòpin sí wàhálà tíkẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀kùn ṣí, ẹnu ò ì ṣí. Ó tún tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀tọ̀kùlú kan tó ń jẹ́ Lord Sudeley tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, tó ń tẹnu mọ́ ọn pé ó yẹ kí ẹni tó ń ṣàlàyé wà fún ará ìlú. Ní 1911, British Museum gba ẹnì kan sí iṣẹ́ náà: kó máa mú àwọn àlejò yí ká, kó máa pìtàn fún wọn, láìgba kọ́bọ̀. Lójú tèmi, ọdún yẹn gan-an ni ilé náà di ti gbogbo ènìyàn.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn ni mo fi máa ń ráyè lọ sí àlàyé ọ̀fẹ́ ọ̀sán, oníṣẹ́jú 45, tí wọ́n ń ṣe ní British Museum. Ọmọ Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni mí. Ẹ lè fojú inú wo bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa orí idẹ Ifẹ̀, ní Yàrá 25 nísàlẹ̀ ilé. Ọdún 1938 ni wọ́n hú u jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, níbi tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé, òun àti orí mìíràn tó lé ní mẹ́wàá. H. M. Bate, olóòtú Daily Times ti Nàìjíríà nígbà náà, rà á, ó gbé e kúrò nílé. Ní 1939, ó di ti British Museum.

Olùbánisọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sọ gbogbo èyí láìfi bò. Ìyá kan tó jókòó lórí àga kékeré tí wọ́n ń ká wá béèrè pé, “Kí ló dé tí ẹ ò dá a padà?” Olùbánisọ̀rọ̀ náà ní ìpinnu yẹn kò sí lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tọ́. Mo fi kún un pé William Bascom, ará Amẹ́ríkà, ra méjì nínú àwọn orí náà, ó sì dá wọn padà fún Ifẹ̀ ní 1950. Àwọn kan tí kò gbọ́ ọ rí yíjú sí mi, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Kò sẹ́ni tó ní ká dákẹ́. Ohun tí wọ́n fi du Hutton gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Ẹ béèrè ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ mọ̀ kí àwọn yòókù gbọ́.