Ìlú Inú Igbó àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìtàn àwọn ìlú tí kò tóbi ni a fi lélẹ̀ fún ìjíròrò wa. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni ó máa ń ṣíwájú. Àwọn ìlú yòókù a máa tẹ̀ lé wọn bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka orúkọ àlejò níbi ìnáwó: a dárúkọ wọn, a sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ odò kì í ṣàn kó gbàgbé orísun rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ohun ńlá kan tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá jẹ àǹfààní rẹ̀ ní okùn tó so ó mọ́ ìlú kan nínú igbó. Ìlú náà ni Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìhà àríwá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ìlú yìí wà, kò sì tó ogún máìlì sí Ìjẹ̀bú-Òde. Orúkọ rẹ̀ ti sọ irú ibi tó jẹ́: Ìjẹ̀bú tí ó wà nínú igbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é ní ìlú kan ṣoṣo kò tíì sọ ọ́ tán. Márùn-ún ni wọ́n: Òkè-Àgbò, Òkè-Ṣópẹ́n, Òjòwò, Àtìkórí àti Jàpárà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọba tirẹ̀, Orímolúsì sì ni olórí gbogbo wọn. Àlejò tó bá ń rìn lójú títì lè má mọ ibi tí Òkè-Àgbò parí sí, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú mọ̀ ọ́n dájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ibi tí ilé márùn-ún bá ti ní baálé márùn-ún, kì í rọrùn kí wọ́n fi ohùn kan sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ oko ni ìpìlẹ̀ ọrọ̀ ibẹ̀: kòkó, obì, àti igi gẹdú tí wọ́n ń là fún pákó. Ṣùgbọ́n kí kòkó tó dé rárá ni ọ̀nà ti sọ ìlú náà di ibi pàtàkì. Ẹnu ààlà Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ni igbó yìí wà. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn Ìjẹ̀bú ni ó di ọ̀nà mú láàárín ọ̀sà àti òkè. Iyọ̀, aṣọ àti ìbọn tí ó bá ti etíkun wá, ọwọ́ wọn ni yóò gbà kọjá, wọn kò sì jẹ́ kí ará òkè fúnra rẹ̀ kọjá lọ sí etí òkun. Níbẹ̀ ni èrè wọn wà.

Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀nà yìí di ohun ìjà. Òrù, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ni àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú pàgọ́ sí lábẹ́ Balógun Onáfowókàn láti kojú Ìbàdàn. Ogun gbà pé kí ọ̀nà wà ní títì. Ọjà kò sì lè ná bí ọ̀nà kò bá ṣí. Aáwọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ogun yìí le débi pé Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Fìdípọ̀tẹ̀ fi oyè sílẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1883.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi agbára parí ọ̀ràn ọ̀nà. Ní oṣù karùn-ún 1892, Gómìnà Carter rán ọmọ ogun wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ṣẹ́gun ní Ìmàgbọ̀n. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kíyè sí ni èyí: ilẹ̀ tí kò gba oníwàásù láyè ṣáájú 1892 ni àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ń dù ilé ìjọsìn àti ilé-ẹ̀kọ́ kí ìran kan tó kọjá. Kì í ṣe pé orí wọn yí. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n. Wọ́n rí i pé agbára tó wà lọ́wọ́ ẹni tó di ọ̀nà mú tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀wé. Ìwé ti di ọ̀nà tuntun, wọn kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn dí i mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò kúrú fún ọmọ inú igbó. Láti 1913 ni ilé-ẹ̀kọ́ girama ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni Abraham Adésànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí a bí ní 1922, ti kàwé kí ó tó di agbẹjọ́rò àti aṣáájú Afẹ́nifẹ́re. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá lágbára láti san owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ ní ìlú onílùú, oko ló ń padà sí lẹ́yìn ìwé kẹfà.

Ìdí nìyí tí ọdún 1949 fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún náà ni Ìjẹ̀bú-Igbó dá ilé-ẹ̀kọ́ girama tirẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò fi orúkọ Òkè-Àgbò pè é, wọn kò sì fi ti Òjòwò tàbí Àtìkórí pè é. Molusi College ni wọ́n pè é, orúkọ tí ó rán ènìyàn létí oyè Orímolúsì, tí í ṣe ti gbogbo wọn. Ẹ rántí ilé márùn-ún àti baálé márùn-ún. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ohun tí wọ́n lè jọ fi ohùn kan sọ pé àwọn fẹ́.

Ọ̀gá àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ni Stephen Olúwọlé Awókòyà, ọmọ Àwà, ìlú kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Kò pẹ́ lórí àga náà. Ìṣèlú dé, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn, ó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nínú ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní oṣù keje 1952 ni ó gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé náà. Ní oṣù kìíní 1955, àbá di ìṣe. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn jẹ́ 456,600 ní 1954; ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di 811,432.

Owó rẹ̀ kò ti ojú ọ̀run bọ́. Ìjọba fi kún owó-orí, inú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò sì dùn. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi ní agbègbè tirẹ̀, tí NCNC sì borí. Síbẹ̀ wọn kò dá iṣẹ́ náà dúró. Ó yẹ kí a sọ èyí fún àwọn ọmọ wa, kí wọ́n má bàa rò pé ọjọ́ tí wọ́n kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé Molusi ló bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ orí ló pa àbá náà pọ̀. Ohun tí mo sọ ni pé ọkùnrin tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ti jókòó sí àárín àwọn àgbẹ̀ tó fẹ́ ìwé fún ọmọ wọn. Ẹni tó bá ti gba ọmọ àgbẹ̀ wọlé mọ iye ẹni tó dúró síta.

Ìbéèrè kejì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ìwé kò sọ oko di ahoro? Òótọ́ wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìlú fi èrè oko ṣètìlẹ́yìn fún ló kọ́ ọmọ ní ọ̀nà Èkó àti Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba Ògùn dá yunifásítì sílẹ̀ ní 1982, tí wọ́n sì fi ibùjókòó rẹ̀ sí Àgọ́-Ìwòyè nítòsí, ìwé padà wá bá igbó nílé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó jáde níbẹ̀ kò padà sídìí kòkó. N kò lè dá àwọn òbí wọn lẹ́bi. Ẹni tó fi ẹ̀yìn ru obì ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ ẹrù tó fúyẹ́ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni mo fi èyí lé. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ wà nínú àpótí tí ikán ń jẹ. Àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú wọn ń dín kù lọ́dọọdún. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sí wọn pẹ̀lú ìwé àti gègé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n béèrè ohun kan pàtó: ta ló san owó ilé-ìwé wa, kí ló sì fi sílẹ̀ láìrà kí ó tó san án? Ibẹ̀ ni ìtàn ìlú wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó dọwọ́ ẹ̀yin tí a jọ wà níbí láti fèsì.