Níbi tí Odò Méjì ti Pàdé: Ìtàn Ilẹ̀, Oko àti Omi ní Felele àti Lọ́kọ́jà

 

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí a bá bi àwọn ọmọ wa pé níbo ni odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn kíá pé Lọ́kọ́jà ni, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi wọ́n pé kí ni ìpàdé odò méjèèjì ti ṣe fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Kí a má tàn ara wa jẹ, àwa òbí pàápàá kò mọ̀ ọ́n tó. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn yìí wá.

Bí ilẹ̀ náà ti rí

Felele jẹ́ àdúgbò kan ní Lọ́kọ́jà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àbújá. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Lọ́kọ́jà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, kọ́ ọgbà ńlá rẹ̀ sí. Ilẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn Òwórò, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, ń gbé ní agbègbè náà, àwọn ará wa ní Kàbbà, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà kò sì jìnnà síbẹ̀. Àwọn Nupe, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Haúsá náà ń bá wọn gbé.

Odò Ọya ń bọ̀ láti orí òkè ilẹ̀ Guinea. Ó gba Mali àti Niger kọjá kó tó wọ Nàìjíríà, ìrìn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà kó tó dé òkun. Bẹ́núè ní tirẹ̀ ń bọ̀ láti Kamẹrúùnù, ìrìn rẹ̀ tó nǹkan bí 1,400 kìlómítà. Láyé àtijọ́, Ọya a máa kún lẹ́ẹ̀mejì. Omi àkọ́kọ́ ni ti òjò tó rọ̀ nítòsí, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, omi ẹlẹ́rẹ̀ ni. Omi kejì ni èyí tó ti Guinea wá, tó tẹ́ lọ gbalaja sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Mali, tó fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kó tó wọ Nàìjíríà, ọdún tuntun ti dé, omi náà á sì mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn àgbẹ̀ etí odò mọ ìrìn omi yìí bí ẹni mowó. Bí omi bá fà, wọn a gbin àkùrọ̀ sórí ẹrẹ̀ tó fi sílẹ̀, nítorí ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ẹrẹ̀ náà. Odò tó ń kún ló ń bọ́ wọn.

Oko tó kùnà

Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èrò Thomas Fowell Buxton ló bí ìrìnàjò náà. Ó gbà pé bí àwọn ará Áfíríkà bá ń gbin òwú àti irè mìíràn fún títà, òwò ẹrú yóò kú. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoògùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n tà ló ń bá àwọn tó fẹ́ fòpin sí títa ènìyàn wọ inú odò Ọya.

Wọ́n bá Àtá Ígálà sọ̀rọ̀ ní Ìdá, wọ́n gba ilẹ̀ nítòsí òkè Patti, wọ́n sì dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn kò lè rìn àfi bí odò bá kún, ìgbà tí odò bá sì kún ni ẹ̀fọn ń pọ̀. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń kó ibà ranni. Nínú òyìnbó 145, nǹkan bí 130 ni ibà dá gúnlẹ̀, àwọn tó kú sì lé ní 40. Ní 1842, wọ́n kó àwọn tó kù lóko náà kúrò. Èrò rere ni wọ́n gbé wá, àmọ́ wọn kò mọ ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀.

Ní 1854, William Baikie wá pẹ̀lú ọkọ̀ Pleiad, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń lo oògùn kuníìnì déédéé, òyìnbó kankan nínú wọn kò sì kú. Lẹ́yìn náà ni Baikie tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, ibẹ̀ ni Lugard ti ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí Àríwá Nàìjíríà.

Nígbà tí omi wọlé

Kí ló wá yí padà? Wọ́n parí ìdídò Kainji lórí Ọya ní 1968. Kamẹrúùnù kọ́ ìdídò Lagdo lórí Bẹ́núè láàárín 1977 sí 1982. Nàìjíríà pinnu láti kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adamawa, kó lè gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ́ ọ parí títí di òní. Kí a má sì di gbogbo ẹ̀bi ru Kamẹrúùnù. Òjò tó ń rọ̀ ní ilẹ̀ wa pọ̀, a ń gé igi orí òkè fún igi ìdáná àti èédú, ọ̀gbàrá ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ sínú odò, a sì ń kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi.

Ní 2012, àkúnya omi pa ènìyàn 363 káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé mílíọ̀nù 2.1 kúrò nílé. Ní 2022, ó pa àwọn tó lé ní 600, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1.4 sì di aláìnílé. Ní Lọ́kọ́jà, omi wọ Adankolo, Ganaja àti Kabawa. Ó bo ọ̀nà Àbújá, mọ́tò kò rí ọ̀nà kọjá. Oko ìrẹsì àti iṣu bá omi lọ.

Ènìyàn nìkan kọ́ ló ní odò. Ẹranko ńlá kan wà nínú Ọya àti Bẹ́núè, tó ń jẹ koríko, tí àwọn Haúsá ń pè ní ayu. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn oyún nǹkan bí ọdún kan. Bí a bá pa ìyá, ó di ọjọ́ pípẹ́ kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti 1985 ka pípa rẹ̀ léèwọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń dọdẹ rẹ̀.

Ohun tó kàn wá

Ọ̀pọ̀ wa ló ń fowó ránṣẹ́ sílé láti ra ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò pé, "Níbo ni omi dé ní 2012? Níbo ló dé ní 2022?" Ilẹ̀ tó pọ̀ lówó pọ́ọ́kú létí odò lè jẹ́ ọ̀nà tí odò ń gbà lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà nílé máa tẹ́tí sí ìkìlọ̀ tí àjọ tó ń wo ọ̀rọ̀ odò ń gbé jáde lọ́dọọdún. Bí a bá sì ń kọ́lé, kí a gbin igi sí i.

Ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n bá tún dáhùn pé Lọ́kọ́jà ni, kí wọ́n mọ̀ pé odò tó bọ́ni lè gbé ilé lọ bí a kò bá bọ̀wọ̀ fún un.

Omi kò ní gbé wa lọ o. Ọdún á yabo.