Òfin abẹ́rẹ́ àjẹsára nílé ìwé Amẹ́ríkà: àwọn òbí ló ń yí i padà

Bó bá ti di oṣù Kẹjọ báyìí, lẹ́tà kan náà ni ilé ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà máa ń fi ránṣẹ́ sílé: ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ yín wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìjọba àpapọ̀ ní Washington ló ṣòfin yìí. Rárá o. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, òun náà ló sì ń sọ ẹni tó lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi ń tọ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ, àwọn kan kí òfin lè le sí i, àwọn kan kó lè dẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà yọ ọmọ sílẹ̀. Ti ìlera ni àkọ́kọ́: dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé abẹ́rẹ́ náà lè ṣe ọmọ yìí ní jàǹbá, bí ọmọ tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló gba èyí. Ìkejì ni ti ẹ̀sìn. Ìkẹta ni ti èrò ọkàn òbí fúnra rẹ̀, kò béèrè ẹ̀sìn kankan. Lórí méjì ìkẹyìn yìí ni gbogbo ìjà wà.

Agbára tí ìpínlẹ̀ ní kì í ṣe tòní. Massachusetts ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ilé ìwé ní 1855, nígbà ayé ìgbóná. Ní 1922, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ kan tó wá láti San Antonio, Texas, pé ìlú láṣẹ láti má jẹ́ kí ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ wọ ilé ìwé.

California ló fi hàn jù lọ ohun tí òbí lè ṣe. Ní ìparí 2014, èéyi, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní measles, bẹ́ sílẹ̀ ní Disneyland, ó sì ran èèyàn tó ju 100 lọ. Àwọn òbí kan, tó fi mọ́ àwọn tí ọmọ wọn kò lè gba abẹ́rẹ́ nítorí àìsàn, gbéra lọ sí Sacramento. Sẹ́nétọ̀ Richard Pan, tó jẹ́ dókítà ọmọdé, àti Sẹ́nétọ̀ Ben Allen gbé àbá SB 277 kalẹ̀ láti fòpin sí ìyọ̀ǹda èrò ọkàn. Àwọn òbí tó takò ó náà ò jókòó sílé. Ní ọjọ́ ìgbọ́rọ̀, wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: kálukú á dárúkọ, á sọ ìlú rẹ̀, á ní òun fara mọ́ ọn tàbí òun ò fara mọ́ ọn. Gómìnà Jerry Brown fọwọ́ sí i ní 30 oṣù Kẹfà 2015, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Keje 2016. Àwọn alátakò fẹ́ gbé e síwájú àwọn olùdìbò kí wọ́n lè wọ́gi lé e, ṣùgbọ́n ìbuwọ́lùwé tí wọ́n rí kó jọ ò tó. Àwọn ọmọ kindergarten tó gba gbogbo abẹ́rẹ́ wọn pé lọ láti 92.8 nínú 100 sí 95.6 láàárín ọdún kan. Nígbà tó yá, ìwé ìyọ̀ǹda ti ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù, ni wọ́n bá tún ṣe òfin míì ní 2019 láti máa yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò.

New York yọ ìyọ̀ǹda ẹ̀sìn kúrò ní 13 oṣù Kẹfà 2019, lẹ́yìn tí èéyi jà ní Brooklyn àti Rockland. Maine náà ṣe é lọ́dún yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdìbò ní 2020, nǹkan bí 73 nínú 100 ló ní kí òfin náà dúró. Connecticut tẹ̀ lé wọn ní 2021.

Afẹ́fẹ́ ti wá ń fẹ́ sí ìhà kejì. Mississippi, tí kò gba ìyọ̀ǹda ẹ̀sìn láti 1979, gba á ní 2023 nígbà tí àwọn òbí pè é lẹ́jọ́. Ní West Virginia, gómìnà pàṣẹ ní 2025 pé kí wọ́n gba ti ẹ̀sìn, ilé aṣòfin kọ àbá tó jọ ọ́, ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù. Texas ti gba ti ẹ̀rí ọkàn láti 2003, ṣùgbọ́n òbí ní láti kọ̀wé sí Austin kí wọ́n tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Láti 1 oṣù Kẹsàn-án 2025, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń mú un. Ní Florida, Joseph Ladapo, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà (ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa), tó jẹ́ dókítà àgbà ìpínlẹ̀ ọ̀hún, kéde ní oṣù Kẹsàn-án 2025 pé àwọn fẹ́ pa gbogbo òfin abẹ́rẹ́ ilé ìwé rẹ́. Ilé iṣẹ́ ìlera lè dá yọ díẹ̀, bíi ti àrùn mẹ́dọ̀wú irú B; ti èéyi àti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wà nínú ìwé òfin, ọwọ́ aṣòfin nìkan ló wà.

Èmi tó jẹ́ ìṣirò ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ ká wo iye. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, 92.5 nínú 100 ọmọ kindergarten ní Amẹ́ríkà ló gba abẹ́rẹ́ èéyi pé, 3.6 sì ní ìyọ̀ǹda. Àwọn onímọ̀ ìlera ní ó yẹ kó tó 95 kí èéyi má bàa ràn. Ẹni tó bá rí 92.5 á ní ó kù díẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ká ní ilé ìwé mẹ́wàá tí ọmọ wọn dọ́gba wà: mẹ́sàn-án ní 97, ọ̀kan ní 50. Tẹ́ ẹ bá pín in, 92.3 ni. Inú ọ̀kan yẹn ni àrùn máa gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Gaines County, ní ìwọ̀ oòrùn Texas, ní 2025: èèyàn 762 ló kó èéyi nínú àjàkálẹ̀ tó tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ méjì tí kò gba abẹ́rẹ́ sì kú.

Báwo lèyí ṣe kàn wá? Àwọn kan nínú wa ò kórìíra abẹ́rẹ́ rárá. Ìwé tí wọ́n mú wá láti ilé ni ilé ìwé ò gbà tán, ni wọ́n bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹ̀sìn kí ọmọ lè tètè wọlé. Ìṣirò tí ò pé nìyẹn. Tí èéyi bá wọ ilé ìwé, wọ́n lè ní kí ọmọ tó ní ìyọ̀ǹda jókòó sílé fún ọjọ́ 21. Ta ló máa dúró tì í? Owó iṣẹ́ ta ló máa lọ?

Ohun tó sábà máa ń fa wàhálà ìwé náà nìyí. Abẹ́rẹ́ èéyi tí wọ́n gún ọmọ ní oṣù mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà ò ní í kà níbí, nítorí ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún kan. Oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n kán sí ọmọ lẹ́nu láti 1 oṣù Kẹrin 2016 náà ò kà. Wọ́n á ní kó gba ti abẹ́rẹ́. Àwọn tó kù tí ọjọ́ wọn hàn dáadáa sábà máa ń kà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbogbo rẹ̀ gún láti ìbẹ̀rẹ̀ láìwo ìwé.

Òfin ibi tí àwa pọ̀ sí ò dọ́gba. Maryland àti Georgia gba ti ìlera àti ti ẹ̀sìn. Illinois náà gba méjèèjì, ṣùgbọ́n láti 2015 olùtọ́jú ìlera gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ti ẹ̀sìn pẹ̀lú. Bí àbá tuntun bá dé iwájú ilé aṣòfin níbi tẹ́ ẹ wà, orúkọ àti nọ́mbà rẹ̀ á wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé aṣòfin náà, pẹ̀lú ọjọ́ ìgbọ́rọ̀. Ẹni tí kò bá lè lọ lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Wọn kì í béèrè páàsípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà lọ́wọ́ òbí kó tó sọ̀rọ̀.